Ibà mi ló polówó abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn

Súwẹ́tà ni mo wọ̀ ránṣọ lónìí, nínú ooru Onitsha yìí!

Mo gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn lánàá. Mo ti kà nípa rẹ̀ dáadáa, mo sì ti fọkàn Mama Nkechi balẹ̀ pé kò léwu. Aláta ni, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló wà ní ọjà Ose Okwodu, ikọ́ fée kì í sì í jẹ́ kó sinmi. Ó ní kí n kọ́kọ́ gbà á ná, òun á máa wò mí.

Ni ibà bá dé láàárọ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ kí Mama Nkechi má baà sá fún abẹ́rẹ́.

"Mama Bọ́dé, o ń gbọ̀n."

"Fáànù ni."

"Fáànù wo, biko? Láti àárọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ!"

Ló bá jáde. Mo ní ó parí, ẹ̀rù ti bà á. Àṣé ilé ìlera ló gbà lọ. Ó dé, ó ń fọwọ́ pa apá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. "Ayédèrú oògùn ni mò ń bẹ̀rù. Omi lásán ni ayédèrú, kì í múni gbọ̀n. Tìẹ ni mo rí tí mo fi mọ̀ pé ojúlówó ni."

Gbogbo àlàyé mi ò wọ̀ ọ́ létí, ibà mi ló gbàgbọ́.

Ní báyìí, ó ń fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ ṣáá. Kò gbóná. Ó ti ń fojú burúkú wò mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibà tiyín tètè dé?