Ahọ́n Bàbá Tọ́ọwò

Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Tọ́ọwò, ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni ti ọjọ́ tó jẹ ọjà apòògùn lójú apòògùn.

Kò jí i. Ojúkojú ni. Ìgò mẹ́ta ni obìnrin apòògùn gbé ka orí tábìlì. Kó tó yíjú padà, Bàbá ti ṣí gbogbo wọn. Ó da omi inú ti àkọ́kọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ó ti ìka bọ ìyẹ̀fun inú èkejì, ó lá a. Ó ju hóró kan látinú ẹ̀kẹta sẹ́nu, ó ń rún un wómúwómú.

Ẹnu apòògùn ò lè pa dé. "Bàbá, ọjà lẹ̀ ń jẹ yẹn o."

"Mo mọ̀ pé ọjà ni. Bí kì í bá ṣe ọjà, kí ni mo ń tọ́ ọ wò fún?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó pọn ọmọ. Ojú tì í débi pé ó ń bẹ ilẹ̀ kó là, kóun wọlẹ̀. Ilẹ̀ ò là. Bàbá fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá kì í là.

Bíríkìlà ni Bàbá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé bí iyọ̀ bá wà nínú yanrìn, ògiri tí wọ́n bá fi rẹ́ á máa ṣí ni. Nítorí náà, bí típà bá ti já yanrìn, Bàbá á bu díẹ̀ sórí ahọ́n, á dijú. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ á máa wò ó lẹ́nu. Ìgbà tó bá yá, á tutọ́.

"Kó o padà."

"Bàbá, yanrìn odò ni," awakọ̀ kan sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Mo fi ẹ̀mí mi búra."

"Má fi ẹ̀mí búra. Fi ahọ́n búra. Gbà, tọ́ ọ wò."

Awakọ̀ tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó wọnú típà, ó ń kó yanrìn rẹ̀ lọ.

Báyìí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Tọ́ọwò. Kò sì sí ohun tí kì í tọ́ wò. Ó tọ́ ọṣẹ wò nílé ọmọ rẹ̀ rí, ó ní ọṣẹ náà dáa, àmọ́ ẹni tó sè é kánjú.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí aránṣọ pọ̀n yẹn ló gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù apòògùn. "Ìyàwó mi" ni Bàbá ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ yìí, gbogbo ilé sì gbà á bẹ́ẹ̀, ló bá di Ìyàwó. Ìyàwó kì í mu wàrà. Aládùúgbò kan ló fún un ní tíì oníwàrà díẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ètè ọmọ ti wú, ojú ti dí, èémí rẹ̀ ń súfèé. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni aránṣọ wọ̀ dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní kí wàrà má kan ẹnu ọmọ náà mọ́, kí wọ́n sì mú ohunkóhun tí wàrà bá wà nínú rẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀.

Wọ́n mú un kúrò. Àmọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ Ìyàwó ń sáré kiri, òun ṣì ń di ẹsẹ̀ àga mú. Bí wọ́n bá yọ àga, á jókòó. Dókítà tẹ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, kò rẹ́rìn-ín.

"Kálísíọ̀mù ló ń fẹ́. Òun ló ń mú eegun le. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, tí kò ní wàrà rárá."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Bàbá bi í.

Dókítà ń kánjú. "Bàbá, irú nǹkan tó wà nínú ẹfun náà ni."

Ibẹ̀ ni dókítà ti ṣàṣìṣe. Bíríkìlà wo ló ń fi ẹfun kun ògiri, tí wọ́n á dárúkọ ẹfun fún, tí kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀? "Ẹfun?" Bàbá ní. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Ìdí nìyẹn tó fi ń lá ọjà ọlọ́jà. Nígbà tó lá a tán, ó ti ìgò oníyẹ̀fun síwájú.

"Eléyìí ni. Omi yẹn dùn jù, ohun tó dùn tó yẹn ń fi nǹkan pa mọ́. Oníhóró yẹn, ti àgbà ni. Ìyẹ̀fun yìí, ẹfun gidi. Ó mọ́ lẹ́nu."

Aránṣọ na ọwọ́ sí i. Apòògùn ò fi lé e lọ́wọ́. Ó yí ìgò padà, ó ń ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tún un kà. Ó gbójú sókè.

"Bàbá, inú wàrà ni wọ́n ti yọ eléyìí."

Aránṣọ fa ọwọ́ padà.

"Tún un kà," Bàbá ní.

"Wàrà ni, Bàbá."

Bàbá tún ti ìka bọ inú ìgò, ó lá a, ó dijú. Ó pẹ́ kó tó lajú.

"Kò sí wàrà lẹ́nu mi."

"Ó wà nínú ìgò."

Àkókò yẹn gan-an ni Ìyàwó yọ ọwọ́ láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó fẹ́ di ìka bàbá rẹ̀ àgbà mú bó ṣe máa ń ṣe, kó sì ti ìka náà bọ ẹnu. Ìka yẹn funfun fún ìyẹ̀fun. Bàbá na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí adigunjalè dá dúró.

"Ẹ má jẹ́ kó kàn mí."

Ó ń fẹ̀yìn rìn. Ó fẹ̀yìn rìn jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ lókè, gbogbo ìgboro ń wò ó. Ó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó bu yanrìn, ó fi fọ ọwọ́, ó fọ ètè, ó fi fọ ahọ́n. Aránṣọ ò rí i rí kó bu yanrìn sẹ́nu láìsọ bóyá ó ní iyọ̀.

Nígbà tó padà, kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Apòògùn ti gbé ìgò olómi fún aránṣọ, ti ọmọdé, tuntun tí ẹnì kankan ò tíì lá, ó ń fi ìlà ara ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn hàn án.

"Ṣé wàrà wà nínú ìyẹn?" Bàbá bi í.

"Kò sí."

"Ta ló kà á?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Jẹ́ kí ẹlòmíì kà á."

Ọkùnrin kan ń kọjá lọ, ó so táì mọ́rùn. Bàbá gbá a lápá mú. "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀wé kà, àbí táì lásán ni?" Ọkùnrin náà kà á. Kò sí wàrà. Bàbá wá fa owó yọ, ó san ti ìgò tuntun náà àti ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lá láìná an. Nínú gbogbo ohun tí aránṣọ rí lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò fi ahọ́n ṣèdájọ́ oúnjẹ Ìyàwó mọ́. Kò mọ̀wé, nítorí náà èèyàn méjì tí kò mọra wọn gbọ́dọ̀ kà á sí i létí. Ó mú kí oníbúrẹ́dì búra, ó tún lọ bi ẹni tó ń po ìyẹ̀fun fún un, bóyá ọ̀rọ̀ wọn á dọ́gba. Tíì oníwàrà tó fẹ́ràn bí ojú, ó jáwọ́ nínú rẹ̀, torí Ìyàwó máa ń fẹnu kò ó lẹ́nu. Ó ń mu tíì dúdú, ojú rẹ̀ á rí bí ti ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún.

Ìyàwó rìn. Láti ẹnu ọ̀nà dé orúnkún Bàbá ló kọ́kọ́ rìn. Aránṣọ ní oògùn ni. Bàbá ní ilẹ̀ tóun rẹ́ ló tẹ́jú. Wọ́n bá ara wọn jà lórí ẹ̀ títí ọdún fi yí.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá. Ohùn Bàbá ti wálẹ̀ pátápátá.

"Ṣé wàrà wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà kì í mu wàrà ni?"

"Ìyàwó mi ń bọ̀ wá kí mi."

Kó tó di pé wọ́n gbé e lọ sílé, Bàbá ti jáde láyé.

Lọ́jọ́ kan, ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, oògùn tán, aránṣọ mú Ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà. Aṣọ ilé ìwé ló wà lọ́rùn ọmọ. Ìgò ti yàtọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Ìyàwó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀.

"Kò sí wàrà," ó ní. Ó nà án sí ìyá rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ kà á."

Aránṣọ kà á. Kó tó sọ̀rọ̀, ọmọ ti gba ìgò padà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń na ìgò sí ẹni tó ń kọjá lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ mọ̀wé kà?"

Apòògùn rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. Aránṣọ ò lè wo ojú rẹ̀. Ó wolẹ̀. Ilẹ̀ náà ò tíì là.