Omi Ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn èéfín àti ẹja yíyan kì í kúrò lára aṣọ wa nílé wa ní Bàrígà. Ọmọ Ìlàjẹ ni màmá mi, ẹja ló sì ń yan tà. Bó bá mú ẹja àrọ̀, á ká a róbótó, á ki ìrù rẹ̀ bọ ẹnu, á fi igi tín-ín-rín gún un pọ̀, ó di orí ààrò.

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà. Ojú ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣàdédé ṣú. Ó tún là, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń kú tipiri lórí máṣíìnì tó fi ń ránṣọ ní àdúgbò Ladi-Lak. Màmá ní iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin tó yá yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ni, kò sì kí i mọ́. Ní ti dókítà, ó fura sí àìsàn kan tí ọmọ ogun inú ara fi ń dojú ìjà kọ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè dá a lójú.

Màmá fárígá. "Omi ẹ̀yìn kẹ̀? Ṣé kẹ́ ẹ sọ ọ́ di arọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ n mọ nǹkan tó ń ṣe mí."

Lọ́jọ́ tá a lọ sílé ìwòsàn, ìbẹ̀rù mú un, ó le gbagidi lórí bẹ́ẹ̀dì. Dókítà ní, "Sístà, ẹ fara balẹ̀, ẹ ká orúnkún mọ́ àyà, kí egungun ẹ̀yìn lè ṣí." Ara kọ̀. Ni màmá mi, tó ti ń dijú gbàdúrà, bá lajú. "Ṣé kó ká náà ni? Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn?" Ó gbá a lọ́rùn mú, ó gbá a lórúnkún mú. "Ká bí ẹja, ọmọ mi. Ìrù sẹ́nu."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ dẹ̀, ó sì ká. Dókítà ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòmú: "Mọ́mì, ẹ má fi igi gún un o. Èmi ni mo ni abẹ́rẹ́." Omi náà wá ń kán, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n pariwo!

Wọ́n fi í ránṣẹ́ sókè òkun pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èsì dé: àmì ìjà wà nínú omi ẹ̀yìn, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì bá àwòrán ọpọlọ tí wọ́n ti yà mu. Ọ̀rẹ́ mi, ṣé wàá gbà pé a jó? Àìsàn tí kì í tán ni, dókítà ò fi pa mọ́ fún wa. Àmọ́ ó ti lórúkọ, ó sì ní oògùn tá a lè fi tù ú lójú.

Bá a ṣe délé, màmá mi mú ẹja tó tóbi jù lórí ààrò, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbẹ́ wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á. Mo ti ṣì yín rò." Obìnrin náà fọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì bú sẹ́kún.

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ pé aráyé ló ń ṣe ẹnì kan, omi yẹn ni mo máa ń rántí. Kò wo ẹ̀gbọ́n mi sàn, àmọ́ ó dá aláìṣẹ̀ láre.