Bébà Funfun Abẹ́ Àpótí Ẹ̀fọn

Iṣẹ́ tí àbúrò mi obìnrin fi ń jẹun ni kó máa ki apá bọ inú àpótí ẹ̀fọn, kí wọ́n mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yó. Ilé ìwádìí ni, yàrá gbígbóná kan tí kò ní fèrèsé. Oúnjẹ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. "Oúnjẹ ti dé o," ni wọ́n fi ń kí i láràárọ̀, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, torí ìwé tí yóò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ tòótọ́ ló ń retí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀fọn fún yín. Omi inú ẹ̀jẹ̀ wúwo fún un, kò ní jẹ́ kó lè fò. Bó bá ti ń mu, hòmóònù, ìránṣẹ́ kan báyìí nínú ara rẹ̀, á ti máa sọ fún un pé kó da omi nù, á sì máa tọ̀ bó ṣe ń mu. Oògùn tí yóò pa ìránṣẹ́ yẹn lẹ́nu mọ́ ni ọ̀gá wọn ń wá. Ó fún àwọn ẹ̀fọn ní oògùn náà, ó wá tẹ́ bébà funfun sábẹ́ àpótí, kó lè rí ìtọ̀ tó bá kán sí i.

Àbúrò mi ti fi ogún ọdún gbálẹ̀ ilé onílé, kò lè rí ìdọ̀tí kó mójú kúrò. Ó rí i pé bébà ti rin, ó sọ ọ́ nù, ó tẹ́ tuntun.

Ọ̀gá dé, ó bá bébà gbígbẹ. "Oúnjẹ, a ti ṣe é. Ìwé rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ohun tí bébà wà fún. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àgbà ọ̀gá wá wòran. Àwọn ẹ̀fọn mu apá rẹ̀, wọ́n sì tọ̀ tó-tó-tó sórí bébà. Àlejò kan ní, "Ṣé bó ṣe máa ń gbẹ nìyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde.

Ọ̀gá kọjú sí àbúrò mi. "Ta ló pààrọ̀ bébà ọjọ́sí?"

"Èmi ni, sà. Ó dọ̀tí ni."

Ọ̀gá ò pariwo. Ó fún ẹ̀fọn àpótí mẹ́rin ní oògùn náà ní ìlọ́po mẹ́ta. "Ki apá bọ̀ ọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, apá yìí ti wú."

"O ò ní òmíràn ni?"

Ó ki méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí èyí tó tọ̀. Ikùn wọn rí róbótó, wọn ò lè gbéra, wọ́n ń já bọ́, àwọn kan bẹ́ sí i lára. Bébà gbẹ táútáú. Ọ̀gá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń súfèé.

"Ọ̀gá, ó ti ṣiṣẹ́. Ìwé mi ńkọ́?"

"Ìwé kí ni? Lọ fọ apá yẹn níta, má kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bó o bá ń lọ, sọ fún obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn kó wọlé."

Obìnrin náà ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè kí àbúrò mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.