Awakọ̀ Eré-Ìje àti Ọwọ́ Òsì Bàbá Mi

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju fèrèsé ọkọ̀ lọ, tí mo ní láti na ẹsẹ̀ kí n tó lè rí ẹni tó wà nídìí sítíárìn, Thamesmead níbí, ní ilẹ̀ òyìnbó, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ìlú ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ Southmere pẹ̀lú àwọn ilé tuntun tó yí adágún ká, ẹ kò lè mọ bó ṣe rí nígbà náà. Kọnkéré ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n so ilé kan mọ́ èkejì pẹ̀lú afárá lókè, débi pé ènìyàn lè rìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé etí omi láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìsàlẹ̀ wà fún ọkọ̀ nìkan. Ìsàlẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ojú sì ń tì mí títí di òní bí mo bá rántí rẹ̀.

Bàbá mi ń fọ bọ́ọ̀sì ní gáréèjì kan. Kò fẹ́ máa fọ bọ́ọ̀sì, ó fẹ́ máa wà á. Wọ́n ti sọ fún un níbi iṣẹ́ pé bó bá ti gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ kékeré, àwọn yóò kọ́ ọ ní bọ́ọ̀sì wíwà. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fìdí rẹmi nígbà méjèèjì. Òfin ìlú yìí kò sì gbà kí ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ dá nìkan wà á lójú títì, àfi kí ẹni tó ní láísẹ́ǹsì jókòó tì í. Uncle kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń bá wa ṣe é, àmọ́ Uncle náà kó lọ sí Manchester. Bí bàbá mi kò bá rí ẹlòmíràn, a jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ni yóò máa fọ̀ títí yóò fi darúgbó. Nítorí náà, gbogbo Sátidé ló máa ń wa mọ́tò kékeré rẹ̀ síwá-sẹ́yìn lábẹ́ ilé, èmi á sì jókòó sẹ́yìn bí ọ̀gá.

Bàbá òyìnbó kan ń gbé ní ẹnu ọ̀nà kejì sí tiwa. Ó ga, ó rù, kóòtù kan náà ló ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í sì í kúrò nínú àpò. Ohun kan ṣoṣo tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ ńlá bá ń kọjá ní títì Yarnton Way, á dúró lórí afárá, á di ojú, á máa gbọ́ ọ bí ẹni pé orin ni.

Ní Sátidé kan, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ bàbá mi lọ́wọ́. Ó tan án, ó tún kú. Bàbá òyìnbó náà sọ̀ kalẹ̀ wá, ó tẹ̀ ba sí fèrèsé.

"Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní àrùn kankan," ló wí. "Ọwọ́ tí o fi ń ṣe jíà ló ń bẹ̀rù. Bí o bá fẹ́, mo lè máa jókòó tì ọ́. Mo ní láísẹ́ǹsì, mo sì mọ ọkọ̀ díẹ̀."

Ó wá na ọwọ́ kí àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ òsì ni.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè máa rẹ́rìn-ín. Nílé wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi òsì fún àgbà ní nǹkan, kò gbọdọ̀ fi òsì gba nǹkan, a kì í sì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ẹ tún fi èyí kún un: ìyá kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù nítòsí Abbey Wood tó jẹ́ pé orí káńtà ló máa ń ju búrẹ́dì wa sí, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kan tiwa. Bàbá mi ti rí púpọ̀ kó tó rí ọwọ́ òsì yẹn.

Ó wò ó títí. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. A ti ní ẹni tó ń jókòó tì wá." Ó sì yí gíláàsì sókè.

Nígbà tí a délé, kò lè jẹun. "Òsì! Ọ̀tún wà nínú àpò, ó ń gbóoru. Òsì ló rí nà sí mi, bí ẹni ń lé adìẹ!"

Màmá mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń bọ́ bàtà iṣẹ́ lọ́wọ́. "Daddy wọn, òyìnbó mà ni. Wọn ò ka òsì sí nǹkan kan."

"Wọn ò kà á sí? Ṣé òsì ni wọ́n fi ń bọ ọba wọn lọ́wọ́?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó jókòó tì yín. Ẹ ti jáwọ́ nínú ìdánwò ni?"

"Kí n kúkú fọ bọ́ọ̀sì kú!"

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, bàbá náà kan ilẹ̀kùn wa. Èmi ni mo ṣí i. Ó gbé agolo bisikíìtì kan fún mi, òsì náà ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí bàbá mi ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ojú rẹ̀ bọ́ sára agolo náà.

"Ta ló gbé èyí wá?"

"Bàbá ẹnu ọ̀nà kejì ni, sà."

"Ọwọ́ wo ló fi fún ọ?"

Màmá mi ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹ̀yìn rẹ̀, àmọ́ wọn kò kọ́ mi ní irọ́. "Òsì, sà."

"Wọ bàtà rẹ. Wá wo bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀gbin padà fún ẹni tó ni ín."

A dé ẹnu ọ̀nà bàbá náà. Bàbá mi ki ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ àpò ṣòkòtò, ó gbé agolo lé àtẹ́lẹwọ́ òsì. Àwọn ará àdúgbò ń kọjá lórí afárá. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó na agolo náà síwájú bí ẹni na kùmọ̀. "Ẹ gba nǹkan yín, sà!"

Bàbá òyìnbó náà wo agolo. Ó wo ọwọ́ òsì tó gbé e. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún tó wà nínú àpò. Mo di aṣọ bàbá mi mú gírígírí, mo rò pé ìjà ti dé. Ìgbà tí mo gbójú sókè, omi ló lé ròrò sójú bàbá arúgbó náà.

"Ẹ wọlé," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé."

Ó fi wá jókòó. Ó gbé agolo sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ òsì fa ọwọ́ ọ̀tún yọ nínú àpò rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé òròmọdìyẹ tó ń sùn, ó sì tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo náà. Àwọn ìka rẹ̀ ti ká jọ bí ewé gbígbẹ. Awọ ẹ̀yìn ọwọ́ náà ń dán bí ohun tí iná ti lá. Ọwọ́ náà kò lè gbé ṣíbí.

"Gbogbo ènìyàn ló ń na ọ̀tún sí mi," ló wí. "Màá ṣàlàyé, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, ara á máa ni gbogbo wa. Ìwọ nìkan lo wò mí dáadáa. O fi tìrẹ sápò kí n má baà dá wà. O tún gbé bisikíìtì wá kí a lè jọ jẹ ẹ́. Ní Sátidé, mo ti rò pé o kò fẹ́ràn mi ni."

Bàbá mi la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mo wò ó. Kò wò mí. Kápẹ́ẹ̀tì ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa irú ọkọ̀ tó wà nínú àwọn fọ́tò ara ògiri rẹ̀. Láàárín ogun àgbáyé kìíní àti èkejì, gbajúgbajà awakọ̀ eré-ìje ni. Ọmọ Woolwich ni. Ibi tí wọ́n ti ń rọ àgbá ogun ló ti kọ́ iṣẹ́ irin. Makáníìkì tí ń jókòó ti awakọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ẹ má rò pé ìjókòó lásán ni o! Òun ni yóò máa fi ọwọ́ fa pọ́ǹpù kí epo lè dé ẹ́ńjìnnì, òun ni yóò máa wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀, òun náà ni yóò máa ṣọ́ táyà bóyá ó fẹ́ bẹ́. Nígbà tó yá, òun gan-an bọ́ sídìí sítíárìn. Ó sáré lórí pápá oníkọnkéré tí etí rẹ̀ ga sókè bí inú abọ́, ó sáré ní France àti Italy lójú títì tí igi tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ife ẹ̀yẹ sì kún inú yàrá rẹ̀ débi pé ó ń fi ọ̀kan kó àlùbọ́sà sí. Òróró lárà ni wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí màmá mi máa ń fún mi mu bí inú mi bá le. Mo bi í léèrè bóyá ọkọ̀ náà máa ń sá lọ ṣe gáà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ọ̀rọ̀ jíà ló wá ṣe pàtàkì jù. Inú ọkọ̀ náà há tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí àyè fún ọ̀pá jíà àti bíréèkì ọwọ́. Ìta ara ọkọ̀ ni wọ́n fi wọ́n sí, lápá ọ̀tún. Nítorí náà, apá ọ̀tún awakọ̀ ni ó ń wà níta nínú atẹ́gùn, nínú òjò, nínú òkúta wẹẹrẹ tí táyà ẹni iwájú ń ta. Ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ ní kọ́nà kan tó sì dojú dé, ara rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, apá náà wà níta. Páìpù èéfín tó gbóná ló sùn lé e lórí. Ibẹ̀ ni eré-ìje rẹ̀ parí sí. Apá tó gba gbogbo ife yẹn ni bàbá mi sọ pé ó ń gbóoru nínú àpò.

Láti Sátidé tó tẹ̀lé e ni ó ti ń jókòó ti bàbá mi. Ẹ ó rántí pé nínú ọkọ̀ tiwa níhìn-ín, ọwọ́ òsì awakọ̀ ni jíà wà. Ìka méjì péré ni bàbá mi fi máa ń mú un, bí ẹni mú nǹkan ìdọ̀tí. Bàbá òyìnbó á ní, "Òsì ló ni iṣẹ́ yẹn. Jẹ́ kó ṣe é." Á tún ní, "Dín eré kù kí o tó wọ kọ́nà. Ibi tí ò ń lọ ni kí o wò, má wo ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù." Mo fi etí sí gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ náà kò kú mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtìjú náà ń dàgbà. Gbogbo ẹni tó bá kọjá lórí afárá ni bàbá náà ń sọ ìtàn agolo fún. Ó sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé mílíìkì wá. Ó ní bàbá mi ni ọmọlúàbí jùlọ tí òun ti bá pàdé láti ìgbà tí òun ti fara pa. Bàbá mi á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Ẹ lọ sọ òótọ́ fún un," ni màmá mi wí.

"Kí n ní kí ni? Pé ẹ̀gbin ni mo gbé wá, òun ló fi àga fún un?"

Ó yege ìdánwò kẹta. Ẹnu ọ̀nà bàbá náà ló kọ́kọ́ lọ kó tó dé tiwa. Ó na ọwọ́ òsì sí i, ọ̀tún rẹ̀ sì wà níta gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo gbọ́ ọ nínú kíṣìnnì tó ń kọ́ ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí yóò fi tọrọ ìdáríjì. Ó wọ kóòtù, ó lọ. Nígbà tó dé, màmá mi bi í pé kí ló sọ. "Mo ní wọ́n ṣeun," ló fèsì, ó sì wọ yàrá lọ. Kí ọdún náà tó parí, ìbátan bàbá náà kan wá mú un lọ sí ìlú kan létí òkun, a kò sì rí i mọ́.

Bàbá mi wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Èmi náà wà á. Nígbà tó darúgbó, tí ọ̀rọ̀ ti ń jìnnà sí i lẹ́nu, ó pè mí. "Ọwọ́ òsì àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni mo fi bú wọn o. Àwọn tó kù, tinútinú ni. Ṣé o rò pé wọ́n mọ̀?" Ẹni tó kàn gbọ́ ẹ́ńjìnnì láti òkè tó sì mọ̀ pé ọwọ́ awakọ̀ ló ń bẹ̀rù, ṣé kò ní mọ ojú ẹni tó ń bínú lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ni? Bóyá ó mọ̀, tó kàn yàn láti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn afárá wọ̀nyẹn. Àwọn ọmọ yín ń fi ọ̀tún di fóònù mú, òsì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ìyókù, wọ́n sì ń pe àgbà ní "ìwọ." Kò dùn mọ́ mi, mi ò sì lè bá wọn wí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ kékeré kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fi òsì gbé omi fún mi. Ìyá rẹ̀, tí kò tíì pẹ́ tó ti Èkó dé, gbá ọwọ́ rẹ̀. "Fi ọ̀tún fún Mummy! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní mi ò kọ́ ẹ ni?"

Mo na ọwọ́ òsì mi, mo fi gba omi náà lọ́wọ́ ọmọ.

Ojú ìyá rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀ṣì. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òsì san án fún un. Ọmọdé ni." Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀gbin. Mo la ẹnu, àmọ́ wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà, mo sì wo kápẹ́ẹ̀tì.