Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà ti Bàbá Bíréèkì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni bàbá mi fi ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ìyá arúgbó tí kò jókòó síwájú mọ́tò rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Dókítà tí ojú ń tì láti fọn fèrè, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé tó ò tíì lè fẹ̀yìn rìn wọ ibi tó há, bàbá mi á ní kì í ṣe mọ́tò ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu, orí ẹ ni. Nítorí bó ṣe máa ń pariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!" látẹ̀gbẹ́ awakọ̀, Bàbá Bíréèkì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi àkọ́bí ẹ̀ àtòun la jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ náà: ọ́fíìsì kékeré kan, àga mẹ́ta, pátákó tí a ya àmì ojú títì sí, àti mọ́tò méjì tí bíréèkì kejì wà lẹ́sẹ̀ olùkọ́. Mi ò lè gba ìsọkúsọ mọ́ra. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

Àbúrò mi ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí bàbá mi bí. Láti kékeré, bí bàálù bá ti ń kọjá, á sá jáde nílé ìwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú, á gbójú sókè títí bàálù á fi lọ. Kò bá wa ṣàríyànjiyàn nípa iṣẹ́ rí, ológun òfurufú ló fẹ́ ṣe, ibẹ̀ náà ló sì lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi oyè sí i léjìká tó di ọ̀gá ológun, bàbá mi wo àwọn bàálù tó tò lórí pápá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ti bùṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, á máa gbé e fò."

Mo ní, "Bàbá, bàálù kì í ṣe mọ́tò o."

"Kí ló fi le ju mọ́tò lọ? Ní òkè níbi tí kò sí kòtò, tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀, tí kò sí iná pupa! Ó tiẹ̀ yẹ kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi lóyún ẹ̀, ẹ ò ní kí n bí i lọ́sẹ̀ mẹ́fà nígbà yẹn."

Kò gbọ́. Ẹnu dùn ún rò'fọ́. Kó tó di ọjọ́ kejì, mẹ́káníìkì wa ti gbọ́, onígbàjámọ̀ ti gbọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa ti gbọ́. Páílọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pe àbúrò mi láti ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, Páílọ́ọ̀tì wa ń ka bàtà nílé ìkẹ́rùsí. Ó ṣàlàyé fún wa lórí fóònù. Bí èèyàn bá di ọ̀gá ológun tán, wọn kì í gbé e gun bàálù lọ́jọ́ kejì. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ò pọ̀, olùkọ́ ò pọ̀, àwọn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí àyè tó yọ. Kó tó kàn ẹ́, wọ́n á fún ẹ níṣẹ́ mìíràn. Bàbá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Kí wọ́n kó yín méjì méjì sínú ọkọ̀ kan, ṣèbí bí a ṣe ń ṣe nìyẹn!" Ìdúró yẹn kù díẹ̀ kó pé ọdún kan. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ológun odindi, bàtà ló ń kà!

Nígbà tó kàn án, inú kíláàsì ni wọ́n kọ́kọ́ tì wọ́n mọ́. Ojú ọjọ́, ẹ́ńjìnnì, òfin òfurufú, oṣù lórí oṣù. Lẹ́yìn ìyẹn ni bàálù kékeré tó ní abẹ̀bẹ̀ kan níwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, tó bá yege, bàálù ológun tó ń sáré. Ẹni tó bá yege nínú èyí náà ni wọ́n máa ń fi àmì ìyẹ́ sí láyà, tí wọ́n á wá pè ní páílọ́ọ̀tì. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Àbúrò mi ní rárá, wọ́n á tún kó wọn lọ síbòmíràn lọ kọ́ irú bàálù tí olúkúlùkù wọn á máa fi ṣiṣẹ́ gan-an. Háà! Ẹ̀kọ́ kí ni èyí?

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìbéèrè kan náà ni bàbá mi ń bi í: "Ṣé o ti gba láísẹ́ńsì?" Èmi ni mo ń jẹ ìyà ẹ̀ nígboro. Mẹ́káníìkì á fojú sí abẹ́ mọ́tò wa, á sì máa rẹ́rìn-ín níbẹ̀: "Páílọ́ọ̀tì wa ńkọ́? Ṣé kò tíì gbéra ni?" Ó tún wá ń tu bàbá mi nínú pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ tó gbóná. Bàbá mi já lù ú: "Ọbẹ̀ wo ló gbóná? Ọbẹ̀ ti kan láti èṣí!"

Ọdún kẹta ni àbúrò mi wálé fún ọjọ́ díẹ̀. Ó rù, ojú ẹ̀ ti wọnú. A jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ń sá aṣọ, ó ní, "Àǹtí mi, mo ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú bàálù tó ń sáré yẹn. Ìdánwò ẹyọ kan ló kù. Bí mi ò bá yege, wọ́n á yọ mí, mi ò ní wa bàálù mọ́ láéláé."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Ọwọ́ mi ni. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní mò ń fún ọ̀pá ìdarí lọ́rùn. Ìka ni wọ́n fi ń dì í mú, wẹ́rẹ́ báyìí, bí ẹni mú bíró. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti jágbe mọ́ mi, ọwọ́ mi á dì pa, bàálù á sì máa jó síbí jó sọ́hùn-ún."

Mo mọ ibi tí ọwọ́ yẹn ti wá. Rúlà kan wà nínú mọ́tò bàbá mi. Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá dẹ̀ lórí sitiarín, á ní, "Dì í mú! Ṣé okùn ewúrẹ́ lo mú dání ni?" Pá, lẹ́yìn ọwọ́. Wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n wà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bí lẹ̀rù ń bà á fún jù lọ, nítorí náà àbúrò mi ló jẹ lára rúlà náà jù nígbà tó ń kọ́ mọ́tò.

Bí bàbá mi ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdánwò, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló gbé. "Wọn ò mọ̀ ọ́n kọ́ ni. Bọ́ sínú mọ́tò." Mo wọ ẹ̀yìn. Àbúrò mi ń wà á jẹ́jẹ́, ìka ló fi di sitiarín mú. A ò tíì dé ìkóríta tí bàbá mi fi ké, "Dì í mú!" Kò rí rúlà, àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbá a. Ọwọ́ ọmọ náà dì. Ọkùnrin tí àwọn ọmọ ogun ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, omi lé ròrò sójú ẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo. "Bàbá, ó tó! Ẹ̀yin lẹ sọ ọwọ́ ẹ̀ di bẹ́ẹ̀! Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń ní ẹ̀kọ́ wọn ti pẹ́ jù, ẹ̀kọ́ tiyín ni wọ́n ń bá yọ lára ẹ̀!"

Bàbá mi tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀, mọ́tò dúró gbọn-in láàárín títì. Fèrè ń dún lẹ́yìn wa. Ó bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Inú ń bí mi.

Àwọn ọjọ́ tó kù, èmi ni mo ń gbé àbúrò mi jáde láàárọ̀ kó máa wa mọ́tò, mi ò sọ nǹkan kan fún un, mo kàn jókòó tì í. Lọ́jọ́ tó máa padà, mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ti ń dẹ̀. Òun náà rí i, ó rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́.

Ìpè ẹ̀ bá wa ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá mi ló sún mọ́ fóònù. Ohùn náà jáde ketekete, mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo dúró sí.

"Bàbá, wọ́n ti yọ mí."

"Ṣé o tún fún un lọ́rùn ni?"

"Rárá, Bàbá. Ọ̀gá mi fúnra wọn sọ pé ọwọ́ mi ti ń rọ̀. Wákàtí ló pé kí ọwọ́ mi tó rọ̀ tán fún ìdánwò náà. Iye wákàtí tí wọ́n fún kálukú láti fi kọ́ ọ, tèmi ti tán. Wọ́n ní ká ní mo ní díẹ̀ sí i ni, ǹ bá ti yege."

Bàbá mi ní, "Bẹ̀ wọ́n. Kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kún un fún ẹ."

"Wọn kì í fi kún un, Bàbá."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ńkọ́? Gbé fóònù fún ọ̀gá yẹn. Olùkọ́ lèmi náà, á gbọ́ mi yé. Wọn ò gbọdọ̀ kánjú. Ta ló ń lé wọn?"

"Bàbá, ẹ má bínú," ni àbúrò mi wí, fóònù sì gé.

Bàbá mi ṣì gbé fóònù tó ti gé métí, ó ń bá wọn dúnàá-dúrà. "Méjì," ló ń wí. "Kí wọ́n fún un ní méjì. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan péré."