Oúnjẹ Àárọ̀ Sátidé Tí Mo Dà Fún Ewúrẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ọjọ́ Sátidé nìkan ni à ń jẹun àárọ̀ gidi nílé wa. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdeè, ohun tó bá ṣẹ́kù lálẹ́ àná la ó fi panu, a ó sì sáré gba ilé ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, gbogbo ilé ló ń lọ sóko kòkó, bàbá mi sì ti fi lélẹ̀ pé òun ò ní kó ọmọ tí ebi ń pa wọ igbó. Abúlé wa wà lọ́nà Àràròmí-Obù. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀kadà gba ibẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ la fi ń rìn ín.

Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi, Màmá ni mo sì ń pè é. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ó fẹ́ràn mi, àmọ́ kò sí ẹ̀dá tí kì í fura sí. Bí o bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, á ní kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Bí adìẹ rẹ̀ bá yé ẹyin mẹ́rin dípò márùn-ún, ó ti mọ ẹni tó jí ìkarùn-ún kó tó wo abẹ́ agbọ̀n.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́jọ ni bàbá mi mú ìyàwó wálé láti Ọ̀rẹ̀. Àǹtí ni wọ́n ní kí n máa pè é. Etí títì ló ti ń ta oúnjẹ fún àwọn arìnrìn-àjò, òkè lọ́hùn-ún ni ìlú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ilé bàbá rẹ̀ nínú wa. Màmá ní ẹni tó ń bá àjèjì pàdé látàárọ̀ dalẹ́, ta ló mọ ohun tó ti kọ́ lọ́wọ́ wọn?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọwọ́ Àǹtí dùn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí iná rẹ̀ á ti máa jó. Á bẹ iṣu, á gé e, á sọ iyọ̀ sí i. Á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n, á dín in títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Á lọ ata àti àlùbọ́sà lórí ọlọ, á dà á sínú epo pupa gbígbóná títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, á já ẹja gbígbẹ sí i, á wá fọ́ ẹyin lé e lórí, á máa rò ó díẹ̀díẹ̀. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Bàbá mi tí kì í lanu sọ̀rọ̀ láàárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn nínú yàrá.

Ohun kan ló wà níbẹ̀ ṣá. Bí ẹyin bá ti ń dì, Àǹtí á bojú wẹ̀yìn, á tú etí ìró rẹ̀, á bu nǹkan lẹ́búlẹ́bú kan níbẹ̀, á wọ́n ọn sí i, á sì so ìró padà kíá. Èmi ni mo rí i. Màmá ló ní kí n máa ṣọ́ ọ láti ojú ihò kan lára ògiri ilé ìdáná. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún un, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mo wí i, àbí mi ò wí i? Ohun tó fi so ọkùnrin yẹn mọ́lẹ̀ nìyẹn!" Ó ní bàbá mi ti jẹ ẹ́ jìnnà, kò sóhun tí òun lè ṣe sí i mọ́, àmọ́ èmi kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ó dùn mí, ẹ má purọ́ fún ara yín, ó máa dun ẹ̀yin náà! Àwo tèmi, ọ̀tọ̀ ni Àǹtí máa ń bù ú, á sì fi ẹyin tó pọ̀ sí i. Màmá ní kí n ronú sí i, kí ló dé tó fi ń bu tèmi lọ́tọ̀? Ni màá bá gbé àwo lọ sẹ́yìn ilé bí ẹni tó ń wá atẹ́gùn, màá dà á fún ewúrẹ́ Màmá, màá wá nu ẹnu mi bí ẹni tó yó. Púpurú tútù, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ni Màmá ń fún mi jẹ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí Àǹtí bá rẹ́rìn-ín sí mi, màá ní ó ń wò ó bóyá oògùn ti ń ràn mí. Bó bá pè mí pé kí n wá kí òun dirun fún mi, màá sá wọlé.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná yẹn náà ni ìkòkò ẹ̀gẹ́ wa wà, a ti ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe púpurú. A ó rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, kí a tó fún un, kí a tó mọ ọ́n rìbìtì, kí a sì yan án lórí iná. Omi tí a fi rẹ ẹ́ yẹn, májèlé ni fún ẹran ọ̀sìn. Nítorí náà pákó la fi ń bo ìkòkò, a ó sì gbé òkúta lé e. Iṣẹ́ mi ni láràárọ̀ láti tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò bóyá ẹ̀gẹ́ ti rọ̀, kí n sì bò ó padà.

Ní Sátidé kan, ọwọ́ mi wà nínú ìkòkò nígbà tí mo gbọ́ tí ata dún ṣàà nínú epo. Mo ti pẹ́ nìyẹn! Mo sáré lọ sídìí ihò ògiri, ọwọ́ mi ṣì ń kán tótó. Mi ò rántí pákó mọ́. Mo ṣọ́ Àǹtí tán, mo gba àwo mi, mo da oúnjẹ fún ewúrẹ́ bí mo ti ń ṣe, mo sì lọ múra oko. Kí a tó gbé agbọ̀n, ewúrẹ́ ti ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣubú, ó kú.

Igbe tí Màmá ké, abúlé kejì gbọ́ ọ. "Ẹ gbà mí o! Oúnjẹ ọmọ yìí ni ewúrẹ́ mi jẹ! Ọmọ yìí ni ì bá kú o!" Bí àwọn ènìyàn ṣe ń sáré bọ̀ lójúlé, mo yíjú, mo rí pákó nílẹ̀, omi inú ìkòkò sì ti fà. Ohun tí ewúrẹ́ mu yé mi lójú ẹsẹ̀. Ọmọdé ni mí, mi ò ya òmùgọ̀. Mo gbé pákó, mo bo ìkòkò, mo gbé òkúta lé e, mo wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, mo bú sẹ́kún.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà ẹbí jókòó. Wọ́n ní kí Àǹtí tú etí ìró rẹ̀. Edé gbígbẹ tó gún kúnná ló wà níbẹ̀. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Ó ní Màmá kì í jẹ́ kí òun fi nǹkan òun sí ilé ìdáná, bó bá sì rí edé lọ́wọ́ òun, á ní òun ń fi owó ọkọ ṣòfò, ìdí tí òun fi ń so ó mọ́ra nìyẹn. Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó dáa, a ti gbọ́ ti edé. Kí ló wá pa ewúrẹ́?" Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi. Wọ́n ní kí ni mo rí. Mo ní mo rí Àǹtí tó ń wọ́n nǹkan sí oúnjẹ. Òótọ́ sì ni, irọ́ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Àǹtí kàn ń wò mí. Bàbá mi doríkodò, kò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwọn ènìyàn ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí ru àpótí rẹ̀ lọ sí títì láti wọ ọkọ̀ Ọ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bàbá mi jẹ púpurú àná, ó sì lọ sóko. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn mọ́ títí ó fi kú.

Mo ti bí ọmọ méjì kí n tó tún rí Àǹtí. Ọ̀rẹ̀ ni, níbi tí bọ́ọ̀sì Èkó àti ti Bìní ti máa ń sinmi. Mo ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí obìnrin kan tó ń dín ẹyin létí títì pè mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ojú bàbá rẹ lo gbé kọ́rùn." Mo kúnlẹ̀ nínú eruku níbẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, pákó, omi, òkúta, pẹ̀lú ẹkún. Kò dáwọ́ ẹyin tó ń dín dúró.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà nígbà tí o gbé pákó yẹn."

Mo ní, "Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?"

"Ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Mo ní ìwọ fúnra rẹ á sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, ọkọ̀ méjì ló kọjá tí mi ò wọ̀. Mo dúró, mo ń wo ọ̀nà abúlé, bóyá màá rí ẹ tí o ń sáré bọ̀."

Ó bu oúnjẹ fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀rẹ̀, kó jẹun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, kó nu ẹnu, kó sì wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Bí ewúrẹ́ bá kú, dókítà ẹran ni wọ́n á pè. Fóònù ọkọ ni àwọn ìyàwó ìwòyí ń ṣọ́ ní tiwọn. Ìyàwó ọmọ mi ló ń dáná Sátidé nílé mi báyìí, ìlú rẹ̀ jìnnà, mi ò dé ibẹ̀ rí. Ìgò kéékèèké bíi márùn-ún ló ní tó máa ń wọ́n sínú ẹyin, mi ò mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn, mi ò sì bi í rí. Bó bá ti gbé e dé, mo ń jẹ ẹ́ ni. Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìyàwó yìí bá nílé, tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń wò ó, òun ni mò ń ṣọ́.