Kíkẹ́lọmọ Tó Ń Tọ́jú Ìwé Ìgbéyàwó Wa

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ àṣírí ìjọ wa jù ní Jos, ẹ fi Fíkà, àlùfáà ìjọ, sílẹ̀. Ẹ lọ bá Kíkẹ́lọmọ Adébánjọ, Ìyá Bólú, tó ti ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó ìjọ láti ọdún mọ́kànlá. Tíṣà ni ní Tudun Wada kó tó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára débi pé Fíkà ìgbà náà sọ pé kò yẹ kó máa fi kọ ohun tí wọn yóò rà lọ́jà nìkan.

Bàbá bàbá rẹ̀ wà lára àwọn akọ̀wé rélùwéè tó dá ìjọ náà sílẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹrù kan lẹ́bàá Terminus, kí wọ́n tó fi òkúta kọ́ èyí tí à ń lò báyìí. London ni ìwé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ti wá, ó wúwo bí ọlọ. Àyè wà níbẹ̀ fún iṣẹ́ bàbá ìyàwó. Nínú ogún ìgbéyàwó àkọ́kọ́, méjìdínlógún kọ "àgbẹ̀", méjì kọ "olóyè". Ìyá Bólú ní àwọn olóyè yẹn kò dá òun lójú.

Lóṣù Keje ọdún 2025, nígbà tí òjò Jos ń fi otútù wọni léegun, Rosaline, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, àti ọkọ rẹ̀, Bàbá Akínjídé, wá sí ọ́fíìsì ìjọ. Èmi náà wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ni mo wá gbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ìdúpẹ́ àádọ́ta ọdún ìgbéyàwó wọn, àwọn ọmọ sì ń bọ̀ láti Abuja àti Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Fíkà tuntun ti ṣòfin: ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀, kò sí ìdúpẹ́.

"Màmá, mo ti wá a lẹ́ẹ̀mẹta," ni Ìyá Bólú wí. "Ìgbéyàwó mẹ́rìnlá ni wọ́n ṣe níbí lọ́dún 1975. Tiyín ò sí níbẹ̀."

"Kai! Àbí eku ti jẹ ẹ́?"

"Eku wo ló máa jẹ orúkọ yín nìkan, tó máa fi ti aládùúgbò sílẹ̀?"

Fíkà ti ní kí wọ́n má ṣèyọnu, òun yóò ṣe ìbùkún ìgbéyàwó fún wọn, bí a ti ń ṣe é fún àwọn tí kò ṣe ìgbéyàwó olórùka rí.

"Fún èmi!" Màmá fọwọ́ lu tábìlì. "Èmi tí mo ti ṣe alága Ẹgbẹ́ Ìyá! Kí àwọn ọmọ-ọmọ mi jókòó máa wò mí bíi pé ńṣe ni mo jí bàbá wọn àgbà gbé?"

Bàbá, tí etí rẹ̀ ti ń di, béèrè pé, "Kí lẹ̀ ń wá?"

"Àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó yín ni, sà!" Ìyá Bólú pariwo sí i létí.

"Ní Jos? Kí ló gbé e dé Jos? Ṣebí Kuru la ti ṣe é."

Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Rosaline, ẹsẹ̀ mi nìyẹn o."

Mo yẹ kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi wò bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ọdún gbọọrọ ni Màmá ti ń sọ fún wa pé ìjọ olókùúta yìí ni òun ti gba òrùka. Láyé ìgbà náà, ìyàwó tó bá ti lóyún kì í wọ ìbòjú níbẹ̀. Wọ́n á ní kó lọ ṣe é ní ẹ̀ka ìjọ tó wà lọ́nà jíjìn, bíi Kuru, lọ́jọ́ iṣẹ́, láìlu agogo.

Ìyá Bólú gbé ìwé kékeré kan jáde láti inú àpótí, ìwé ìrìbọmi ìjọ Kuru tó ti kógbá sílé. Ìwé ìgbéyàwó kan ṣoṣo ló wà nígbà náà, Jos ló sì ń gbé. Ó jọ pé tíṣà tó ń bójú tó ìjọ Kuru kò fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ sọnù. Ìyá Bólú, tó ti ń ka ìwé náà láti iwájú fọ́dún mọ́kànlá, dorí ìwé kodò, ó sì ṣí i láti ẹ̀yìn. Ìgbéyàwó tí tíṣà náà kọ ló kún ibẹ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kìíní ọdún 1976: Akínjídé, akọ̀wé ibi ìwakùsà, Rosaline, aránṣọ. Àkọ́bí wọn, Olúdayọ̀, dáyé lóṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà.

Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Bólú, ṣé o ò lè dà á kọ sínú ti Jos? Oṣù Keje 1975. Ọwọ́ rẹ dára, ta ni yóò mọ̀?"

"Haba, Màmá. Ohun tó wà nínú ìwé ni mo lè kọ. Ṣùgbọ́n olórùka ni, àlùfáà sì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó lè fi ìbùkún lọ̀ yín mọ́. Oṣù Kìíní tó ń bọ̀ ni àádọ́ta ọdún máa pé."

"Kí ni màá wí fáwọn ọmọ?"

"Sọ pé ìkánjú ló ń ṣe mí nígbà náà," ni Bàbá dá sí i. Èyí tí kò yẹ kó gbọ́ ló gbọ́.

Màmá wo ìwé náà títí. Ó mú fóònù rẹ̀, ó sì pe Olúdayọ̀. Ohùn ọmọ náà ń dún síta.

"Dayọ̀, a ti sún ìdúpẹ́ sí oṣù Kìíní."

"Ah-ah! Màmá, mo ti sanwó ọkọ̀. Kí ló dé?"

"Ìwọ ló fà á."

Ó jọ pé ó kọ́kọ́ ka oṣù. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ́. "Màmá! Pẹ̀lú bí ẹ ṣe fi ìgbálẹ̀ lé ọ̀rẹ́kùnrin Jemima tó!"

"Ìgbálẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí Jemima àbúrò rẹ wọ ìbòjú. Ó dàbọ̀."

Nígbà tó pa fóònù, ó mí kanlẹ̀, ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní omi tútù.

Lóṣù Kìíní, Fíkà ka ìwé ẹ̀rí náà sókè látorí pẹpẹ, Kuru, Ọjọ́rú àti gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà obìnrin ṣírò oṣù lórí ìjókòó wọn. Mo rí ìka wọn. Màmá kò wo ẹnì kankan lójú, ó jó lọ síwájú pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Olúwa tó ti mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣí ilẹ̀ kó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, bí Ìyá Bólú ṣe dé ọ́fíìsì, ìyá mẹ́ta ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀kan ní òun sin ẹnìkejì wá. Ẹnìkejì ní òun sin ẹnìkẹta. Ẹnìkẹta ní ńṣe lòun ń sá fún òjò, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ló ń fẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Ìyá Bólú wí. "Ta ló kọ́kọ́ dé?"

Ó gbé ìwé Kuru sórí tábìlì, ó sì ṣí i láti ẹ̀yìn.